Bàbá Àgbà Tó Kú Sógun Bọ́mà: Bí Ẹ Ṣe Lè Wá Orúkọ Rẹ̀, Àti Èrò Mi Lórí Sàréè Tí Ẹ Fẹ́ Gbẹ́

ÌBÉÈRÈ

"Ọmọ Ọ̀fà ni wá, àmọ́ Kàdúná ni ẹbí wa ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́. Bàbá bàbá mi wọṣẹ́ sójà nígbà ogun Hítílà. Wọ́n gbé e lọ sí Bọ́mà, kò sì padà wálé. Oyún bàbá mi ló fi sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló ṣú ìyàwó rẹ̀ lópó, òun náà ló tọ́ bàbá mi dàgbà. Ohun kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ wa ni fọ́tò tó fi ránṣẹ́ láti Ìńdíà. Wọ́n kọ 1944 sẹ́yìn rẹ̀, àmì kan bí ọ̀kọ̀ méjì tó fi ara kọ́ra sì wà léjìká aṣọ rẹ̀. Àwọn kan nínú ẹbí ní kò kú, pé ìyàwó ló fẹ́ sọ́hùn-ún. Bàbá mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún báyìí. Ó ní kí òun tó fi ayé sílẹ̀, kí a gbẹ́ sàréè kan fún bàbá òun nílé wa l'Ọ́fà. Àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ áfáà ní kò tọ́. Àwọn àbúrò yòókù ní ká má tú ọ̀rọ̀ àtijọ́ ká. Ibo la ti lè mọ ibi tí bàbá àgbà kú sí, báwo la sì ṣe fẹ́ ṣe ìrántí rẹ̀?"

Ìyá Àìṣá, Barnawa, Kàdúná

ÌDÁHÙN

Ìyá Àìṣá, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ìkíni yẹn tọ́ sí bàbá yín, torí mo fura pé kò sẹ́ni tó kí i bẹ́ẹ̀ rí. Kó tó gbọ́njú, bàbá mìíràn ti wà nílé, ẹni tó lọ sógun sì ti di ẹni tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ.

Iṣẹ́ mi ni wíwá orúkọ àwọn sójà nínú ìwé àtijọ́ fún ẹbí wọn. Kí n tó sọ ohunkóhun, mo bẹ̀ yín: ẹ má tíì gbẹ́ ilẹ̀, ẹ má tíì san owó òkúta mábù fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ wá ọkùnrin náà ná. Ẹ wá orúkọ rẹ̀ bí àwọn ológun ṣe kọ ọ́, ẹ wá ọjọ́ tó kú, ẹ wá ibi tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ wà lọ́jọ́ yẹn. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ẹ bá rí wọn, ọ̀rọ̀ sàréè tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin yín yóò yí padà, torí ẹ ó ti ní ohun tí ẹ lè kọ sílẹ̀ láìparọ́.

Fọ́tò tí ẹ ní lọ́wọ́ yẹn ti sọ púpọ̀ fún wa. Dìfísọ̀n méjì, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá méjì, ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó jọ láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lọ sí Bọ́mà tó ń jẹ́ Myanmar lónìí, dìfísọ̀n 81 àti dìfísọ̀n 82. Ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Gold Coast tó di Gánà lónìí, ọmọ Sierra Leone àti ọmọ Gáḿbíà ló wà nínú wọn. Àmì aláǹtakùn ni àwọn 81 ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Àwọn 82 ló ni ọ̀kọ̀ méjì tó fi ara kọ́ra. Ẹ mú fọ́tò náà sójú ìmọ́lẹ̀, ẹ wò ó dáadáa, bóyá ẹ ó rí ohun róbótó kan tí ọ̀kọ̀ méjèèjì gba inú rẹ̀ kọjá. Òṣùká ni, òṣùká tí aláàárù ń gbé sórí kó tó gbé ẹrù lé e. Wọ́n mọ ìdí tí wọ́n fi yàn án. Ní Arakan, létí òkun ìwọ̀-oòrùn Bọ́mà, níbi tí kò ti sí ojú ọ̀nà mọ́tò, orí àwọn ènìyàn wa ni ọta ìbọn, oúnjẹ àti àwọn tó fara gbọgbẹ́ ń gbà kọjá, lórí òkè gíga àti nínú igbó kìjikìji. Ọ̀pọ̀ àwọn tó rù ú ni kò sẹ́ni tó kọ ìtàn wọn, bẹ́ẹ̀ láìsí wọn, ìbọn ì bá má rí ọta jẹ.

Mímọ̀ pé dìfísọ̀n 82 ni bàbá àgbà wà ń dín iṣẹ́ yín kù gan-an. Ọdún 1943 ni wọ́n dá dìfísọ̀n náà sílẹ̀. Wọ́n dé Ìńdíà ní 1944, wọ́n sì wọ ojú ogun ní Arakan lápá ìparí ọdún náà. Àfonífojì odò Kalapanzin ni wọ́n gbà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì gba ìlú Buthidaung lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Jàpáánì ní December 1944. Nígbà tí 1945 wọlé, wọ́n gun òkè, wọ́n la igbó kọjá síhà Dalet, Letmauk àti An. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló lọ lójú ọ̀nà yẹn. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé odò Kaladan ni bàbá àgbà kú sí ní ìbẹ̀rẹ̀ 1944, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ibi tó ti gbọ́ ọ. Àwọn 81 ló wà ní Kaladan nígbà náà.

Ẹ̀yin ará Kàdúná ti mọ orúkọ méjì nínú àwọn ibi wọ̀nyí tipẹ́tipẹ́. Kalapanzin Barracks wà nílùú yín, Dalet Barracks náà wà níbẹ̀. Sáríà ní Chindit Barracks, Ìbàdàn ní Letmauk, Àpápá l'Ékòó ní Arakan. Ogun Bọ́mà ni gbogbo wọn ti mú orúkọ wá. Dìfísọ̀n 82 ti ilé-iṣẹ́ ológun Nàìjíríà, tí orílé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ẹnúgu lónìí, nọ́ńbà ẹgbẹ́ bàbá àgbà ló ń jẹ́. Gbogbo ìgbà tí bàbá yín bá wọ mọ́tò kọjá lẹ́nu ọ̀nà Kalapanzin, ibi tí bàbá rẹ̀ rìn ní oṣù tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀ ni wọ́n kọ sórí pátákó níwájú rẹ̀. Ó máa ń dùn mí pé ọmọ lè dàgbà nínú Dalet, kó lọ sílé ìwé níbẹ̀, kó má sì sẹ́ni tó máa sọ fún un pé ojú ogun ni wọ́n fi sọ ilé rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mú bàbá lọ wo ibẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ fóònù láti ya fọ́tò ẹnu ọ̀nà bárékè. Wọn kò gbà á, pàápàá lásìkò tí ọkàn kò balẹ̀ lókè Ọya bí irú èyí. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíísì wọn ṣáájú, ẹ fi ẹ̀dà fọ́tò bàbá àgbà sínú rẹ̀, kí ẹ sọ ohun tí ẹ ń bá bọ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń ṣìnà. Bí ẹ bá fi orúkọ ìdílé tí ẹ ń jẹ́ lónìí wá a, ẹ lè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú kí ẹ má rí nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ sójà tó wọṣẹ́ lókè Ọya nígbà yẹn, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n gbà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n wá fi orúkọ ìlú rẹ̀ ṣe ìkejì. Láwàní tó ti Ọ̀fà wá á di Lawani Offa, Súlè láti Ìlọrin á di Sule Ilorin. Akọ̀wé tó ń kọ ọ́ lè máà gbọ́ Yorùbá rárá, ohun tí etí rẹ̀ bá gbé ni yóò kọ. Jímọ̀ lè di Jimoh, Jimo tàbí Juma. Ìbùráímọ̀ lè di Buraimo tàbí Ibrahim. Ọ̀fà fúnra rẹ̀ lè di Offah tàbí Ofa, ó sì lè jẹ́ Ilorin ni wọ́n kọ, nítorí abẹ́ ẹkùn Ìlọrin ni Ọ̀fà wà láyé Òyìnbó. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ ìlú tó ti wọṣẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, kí ẹ wá rí i gẹ́gẹ́ bí ọmọ Kàdúná tàbí ọmọ Sáríà. Mo ti gbọ́ tí àwọn ẹbí ń sọ pé bàbá àwọn yí orúkọ padà kí wọ́n má bàa mọ̀ ọ́n. Lójú tèmi, ìwé ló yí i padà fún un.

Nítorí náà, kí ẹ tó ṣí ìkànnì kankan, ẹ jókòó ti bàbá yín àti àwọn àgbàlagbà obìnrin tó kù nínú agbo ilé yín l'Ọ́fà. Ẹ kọ gbogbo orúkọ tí wọ́n fi ń pe bàbá àgbà sílẹ̀: orúkọ tí áfáà sọ ọ́, orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é, oríkì rẹ̀, ìnagijẹ rẹ̀. Ẹ béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe kó tó wọṣẹ́ sójà, ta ló bá a lọ, ìlú wo ni wọ́n ti forúkọ sílẹ̀. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù. Ó ṣeé ṣe kí orúkọ tí àwọn ológun kọ wà láàrin àwọn orúkọ wọ̀nyẹn. Pẹ̀lú ibi tí ọjọ́ orí bàbá dé yìí, ìbéèrè yẹn ni kí ẹ ṣe lọ́sẹ̀ yìí, kí àwọn yòókù tó tẹ̀ lé e.

Nọ́ńbà dájú ju orúkọ lọ. Lẹ́tà NA ló máa ń ṣáájú nọ́ńbà sójà Nàìjíríà nígbà náà. Ẹ yẹ ẹ̀yìn fọ́tò náà wò, ẹ tú àpótí ìyá àgbà, ẹ ṣí àwọn Kùránì àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò kà mọ́. Ìyàwó sójà tó ń gba owó tí ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n máa san fún un nílé lè ní bébà kan tó fi ń gbà á, àwọn ìyá wa kì í sì í ju irú bébà bẹ́ẹ̀ nù, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀wé.

Ó wá ku ibi tí ẹ ó ti wá a. Àjọ Commonwealth War Graves Commission, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1917, ló ń tọ́jú sàréè àti orúkọ àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ tó kú nínú Ogun Àgbáyé méjèèjì. Ọ̀fẹ́ ni wíwá orúkọ lórí ìkànnì wọn. Ibi tí wọ́n ti ń béèrè orúkọ ìdílé, orúkọ ìlú ni kí ẹ kọ síbẹ̀, ẹ dán gbogbo bí a ṣe lè kọ ọ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ yan Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ yan Nigeria Regiment. Bí wọ́n bá ní i, ẹ ó rí orúkọ, nọ́ńbà, ọjọ́ ikú, nígbà míì nọ́ńbà bàtálíọ̀nù (ẹgbẹ́ kékeré nínú dìfísọ̀n), àti ibi tí wọ́n kọ orúkọ náà sí. Ìkànnì náà máa ń jẹ́ kéèyàn tẹ ìwé ẹ̀rí ìrántí jáde lórúkọ olóògbé. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ tẹ ti bàbá àgbà jáde, ẹ gbé e lé bàbá yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí ó bá jẹ́ Bọ́mà ló kú sí, tí wọn kò sì mọ sàréè rẹ̀, ara Rangoon Memorial ni ẹ ó ti rí i. Inú itẹ́ òkú àwọn ológun ní Taukkyan, lẹ́yìn ìlú Yangon tí wọ́n ń pè ní Rangoon tẹ́lẹ̀, ló wà. Ní 1958 ni wọ́n ṣí i. Orúkọ àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000, tí ẹnikẹ́ni kò mọ sàréè wọn, ló wà lára àwọn òpó rẹ̀. Òyìnbó wà níbẹ̀, ọmọ Ìńdíà wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Kánò, Sókótó, Ìlọrin, Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nínú ọgbà kan náà ni sàréè 6,374 wà, 867 nínú wọn kò sì ní orúkọ. Bàbá àgbà lè wà lábẹ́ ọ̀kan nínú àwọn yẹn. Kò sẹ́ni tó lè fi ìka tọ́ ọ fún yín.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí wọn kò fi sin ín síbi tí ojú máa mọ̀. Ibi tí sójà bá kú sí lágbègbè yẹn ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń gbẹ́lẹ̀ sí, létí odò tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ipa ọ̀nà, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n á sì máa bá ogun lọ. Òjò Arakan kì í ṣe òjò kékeré, igbó ibẹ̀ kì í sì í pẹ́ bolẹ̀. Lẹ́yìn ogun, wọ́n kó òkú láti itẹ́ òkú Akyab, Mandalay, Meiktila àti Sahmaw wá sí Taukkyan, àmọ́ ọ̀pọ̀ sàréè inú igbó ni wọn kò rí mọ́. Àwọn mìíràn tún wà ní itẹ́ òkú ológun ní Chittagong, nílẹ̀ tó di Bangladesh. Nítorí náà, bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí ní Rangoon, ẹ wo Chittagong náà.

Bí ẹ kò bá rí i níbì kankan ńkọ́? Àjọ náà ń gba ẹjọ́ àwọn tí orúkọ wọn bọ́ sílẹ̀, bí ẹ bá lè fi ẹ̀rí hàn pé ó kú lẹ́nu iṣẹ́ ogun láàrin 3 September 1939 sí 31 December 1947. Wọn kò lè sọ pé irú ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ní April 2021, àwọn fúnra wọn gbé ìwádìí jáde tó fi hàn pé nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ó kéré tán 116,000 ènìyàn, púpọ̀ nínú wọn ọmọ Áfíríkà, ni wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kankan, tàbí tí wọn kò tilẹ̀ rántí wọn rárá. Wọ́n tọrọ àforíjì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn burú, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Nínú ogun kejì, ìyẹn ogun bàbá àgbà, wọ́n gbìyànjú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìrètí yín sì lágbára.

Tí ọjọ́ ikú bá ti wà lọ́wọ́, ẹ lè mọ ibi tó kú sí. Bàtálíọ̀nù kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé tí ọ̀gá wọn ń kọ lójoojúmọ́: ibi tí wọ́n sùn, ibi tí wọ́n rìn dé, ibi tí ọ̀tá ti yìnbọn sí wọn. Ilé àkọsílẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kew, nílùú London, ló wà, nínú ọ̀wọ́ tí wọ́n ń pè ní WO 172. Nínú dìfísọ̀n 82, bàtálíọ̀nù 1, 2 àti 3 ti Nigeria Regiment ló wà nínú bìrìgéèdì 1 (àkójọ bàtálíọ̀nù mẹ́ta ni bìrìgéèdì). Bàtálíọ̀nù 5, 9 àti 10 ló wà nínú bìrìgéèdì 4. Ẹ má retí kí ẹ rí orúkọ bàbá àgbà nínú ìwé yẹn. Orúkọ àwọn ọ̀gá Òyìnbó ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀, iye ni wọ́n fi ń ka àwọn tiwa. Ṣùgbọ́n bí ìkànnì bá ti fún yín ní ọjọ́, tí ìwé yìí sì sọ ibi tí bàtálíọ̀nù wà lọ́jọ́ yẹn, ẹ ti mọ òkè tàbí odò tó kú sí. Ọmọ yín tó bá wà ní London lè bá yín lọ.

Ẹ sì ní ohun kan tí àwọn ará Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú kò ní. Nítorí pé abẹ́ Àríwá ni ẹkùn Ìlọrin wà, ilé àkọsílẹ̀ ìjọba tó wà ní Kàdúná níbẹ̀ yẹn ni wọ́n kó ìwé àwọn ọ́fíísì ẹkùn náà sí. Ẹ béèrè àwọn fáìlì ẹkùn Ìlọrin láti 1943 sí 1947, kí ẹ wo èyí tó bá dá lórí àwọn sójà àti ẹbí wọn. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ẹ mú ọ̀dọ́ kan tí kì í kánjú dání.

Ní ti àwọn tó ní ìyàwó ló fẹ́ sọ́hùn-ún, ẹ má bínú sí wọn. Ìrètí ló bí ọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe òfófó, ìrètí náà sì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Isaac Fadoyebo, ọmọ Yorùbá láti Emùrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wà lára àwọn tí ọ̀tá ká mọ́ etí odò Kaladan ní March 1944. Ó fara gbọgbẹ́, ẹgbẹ́ rẹ̀ tú ká, òun àti ọmọ Sierra Leone kan sì wà nípamọ́ nínú igbó títí di December, àwọn ará abúlé ló ń fún wọn ní oúnjẹ. Ó padà wálé, ó sì gbó di arúgbó kó tó kú ní 2012. Ẹbí tó gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò lè yára ti ilẹ̀kùn. Ìyá àgbà yín gan-an lè ti máa wo ojú ọ̀nà fún ọdún mélòó kan, kó tó gbà kí wọ́n ṣú òun lópó. Ọjọ́ ikú tó wà nínú ìwé ni yóò parí ọ̀rọ̀ náà, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé e lórí kó tó dìgbà yẹn.

Ọ̀rọ̀ opó ṣíṣú yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Àwọn àbúrò bàbá yín tó ní kí ẹ má tú ọ̀rọ̀ àtijọ́ ká, mo rò pé bàbá tiwọn ni wọ́n ń gbèjà. Ọkùnrin yẹn gba ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bọ́ ọ, ó rán an níṣẹ́, ó fẹ́yàwó fún un, kò sì fi ìyàtọ̀ hàn. Lójú wọn, bí ẹ bá gbé fọ́tò sójà kọ́ ògiri lónìí, ó dà bí ẹni pé ẹ ń sọ fún ayé pé kì í ṣe òun ló bí ẹ̀gbọ́n wọn. Ẹ̀rù wọn yẹn kì í ṣe ohun ẹ̀gàn. Ṣùgbọ́n ẹ rán wọn létí ìdí tí àṣà náà fi wà: kí ilé ẹni tó kú má bàa tú, kí ọmọ rẹ̀ má bàa ráre. Àbúrò dúró fún ẹ̀gbọ́n. Bí a kò bá dárúkọ ẹ̀gbọ́n, ta ni àbúrò dúró fún? Ìmọ̀ràn mi ni pé kí orúkọ àwọn méjèèjì jọ wà níbi ìrántí náà: ẹni tó lọ sógun, àti àbúrò rẹ̀ tó dúró nílé fún un. Kí bàbá yín fúnra rẹ̀ pe àwọn àbúrò rẹ̀ jọ, kó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹ má ṣe é fún un.

Ó wá kan sàréè. Ohun tí bàbá yín ń béèrè kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Bí ẹnìkan bá kú sí àjò tàbí sójú ogun láyé àtijọ́, tí wọn kò lè gbé òkú rẹ̀, wọ́n máa ń gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ wá sílé, ìyẹn ni wọ́n ń sin. Ohun tó ń wù ú ni pé kí bàbá òun dé ilé. Mo gbọ́ ọ, ó sì ká mi lára. Àmọ́ ẹ kò ní irun, ẹ kò ní èékánná, ilẹ̀ òfìfo ni ẹ fẹ́ gbẹ́. Èmi kò fara mọ́ ọn. Lẹ́yìn tí bàbá bá ti lọ, tí ẹ̀yin náà bá ti dàgbà, ọmọ tó bá bá sàréè l'Ọ́fà á sọ pé ibẹ̀ ni bàbá àgbà sùn, òtítọ́ tí ẹ ṣe wàhálà wá kiri á sì pòórá lójú ara yín. Ògiri ni kí ẹ lò. Ẹ kan òkúta pẹlẹbẹ kan mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ẹni tó bá wọlé á ti rí i. Ẹ kọ orúkọ tí ilé ń pè é síbẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ tí ológun kọ sábẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, bàtálíọ̀nù rẹ̀, ọjọ́ tó kú, kí ẹ sì kọ ọ́ gbangba pé Bọ́mà ló kú sí, pé orúkọ rẹ̀ wà lára òpó Rangoon Memorial ní Taukkyan, bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹ rí i. Kí bàbá ka bébà náà kí oníṣẹ́ tó fín in.

Ní ti ẹ̀sìn, èmi kì í ṣe áfáà, ẹnu áfáà yín ni kí ẹ ti gbọ́ ọ parí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nínú ìlànà Màlíkì tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Nàìjíríà ń tẹ̀ lé, wọn kì í kírun sí òkú tí kò sí níwájú wọn. Àwọn ìlànà kan gbà á. Torí náà, àbúrò bàbá yín kò sọ̀rọ̀ láìnídìí. Àmọ́ àdúà fún olóògbé kò ní àríyànjiyàn nínú, sàráà lórúkọ rẹ̀ náà kò ní. Ẹ ní kí áfáà náà gan-an ṣáájú àdúà. Bí agbára bá wà, kànga tàbí omi ẹ̀rọ tí gbogbo àdúgbò á máa pọn l'Ọ́fà dára ju màlúù tí ẹ ó jẹ tán lọ́jọ́ kan lọ.

Ọjọ́ wo ni kí ẹ mú? Láyé Òyìnbó, 11 November ni wọ́n ń rántí àwọn ológun. Nàìjíríà yí i padà sí 15 January, nítorí ọjọ́ yẹn ní 1970 ni ogun abẹ́lé wa parí. Ọjọ́ gbogbo àwọn ológun ni, láti Bọ́mà títí dé àwọn ọmọ tó ń kú lọ́wọ́ báyìí ní Borno. Ààrẹ máa ń gbé òdòdó kalẹ̀ l'Ábújá, àwọn gómìnà náà ń ṣe é ní ìpínlẹ̀ wọn. Wọ́n máa ń fun kàkàkí, wọ́n máa ń tú ẹyẹlé sílẹ̀, wọ́n sì máa ń kí Jímọ̀ àti ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì ṣáájú rẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí ẹgbẹ́ Nigerian Legion, ẹgbẹ́ àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì, ní Kàdúná, kí ẹ sọ pé ọmọ sójà Bọ́mà kan wà láyé, pé ó fẹ́ wá jókòó láàrin wọn lọ́dún yìí. Kí bàbá di fọ́tò náà mú lọ́wọ́. Àmọ́ ti inú ilé, ọjọ́ tó kú gan-an ni kí ẹ mú, bí ìwé ṣe kọ ọ́. Ọjọ́ yẹn kì í ṣe ti ìjọba, tiyín ni.

Lọ́jọ́ náà, ẹ má fi gbogbo àkókò sọ̀rọ̀ ogun. Ọkùnrin yẹn gbé ayé kó tó kú. Ẹ jẹ́ kí obìnrin ilé kan tó mọ̀ ọ́n ki oríkì ìdílé yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìjàkadì l'orò Ọ̀fà, ẹ sì ní ọmọ ìjàkadì tó kú lójú ìjà lóòótọ́, kí wọ́n ki oríkì rẹ̀ bó ṣe yẹ. Kí bàbá sọ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún un nípa ọkọ rẹ̀, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀ méjì péré: bó ṣe ń rìn, oúnjẹ tó fẹ́ràn, orin tó máa ń kọ. Àìṣá náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti gbọ́ ọ.

Ẹ yáa lọ ṣe ẹ̀dà fọ́tò náà kó tó ṣá jù báyìí lọ. Ẹ má fi rọ́bà lẹ̀ ẹ́, ooru rẹ̀ máa ń ba fọ́tò àtijọ́ jẹ́. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ ya iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, kó hàn kedere níbi èjìká. Tí ẹ bá ti ní nọ́ńbà NA tàbí orúkọ ìlú tí wọ́n fi kọ ọ́, ẹ tún kọ̀wé sí mi, a ó jọ wá bàtálíọ̀nù rẹ̀.